Tòmátì Kan Ṣoṣo Tó Kù

Ẹ má bá mi wí bí mo bá sọ pé tòmátì kan ṣoṣo lè sọ àgbàlagbà di ẹ̀ṣọ́. Ìyàwó mi ló ń gbìn ín sẹ́yìnkùlé wa: ó gùn, ó lẹ́ran, omi inú rẹ̀ ò tó nǹkan, kì í sì í pẹ́ lórí iná kó tó ki. Ọdọọdún ló ń tọ́jú irúgbìn rẹ̀. Lẹ́yìn tó kú, ọdún méjì gbáko ni n kò fọwọ́ kan ọgbà. Nígbà tí mo wá gbin irúgbìn tó kù nínú àpòòwé, ẹyọ kan péré ló hù. Ó so mẹ́ta, méjì jẹrà. Bí ẹ̀kẹta ò bá pọ́n kí n rí irúgbìn inú rẹ̀, ohun tí ìyàwó mi fọwọ́ ara rẹ̀ tọ́jú ti parẹ́ nìyẹn.

Àìsàn sì ti wọ ewé rẹ̀. Awò tí mo fi ń tún aago ṣe ni mo fi ń wò ó láràárọ̀: àmì dúdú tó wà nísàlẹ̀ lánàá, tó bá di òní, á ti gun òkè. Mo ń gé ewé tó rà dànù, mo ń bẹ òjò kó sinmi. Òjò kì í gbọ́ ẹ̀bẹ̀. Èso náà ò kánjú ní tirẹ̀. Ìsàlẹ̀ rẹ̀ nìkan ló ṣẹ̀ṣẹ̀ ń pọ́n.

Mo jáde lọ ra okùn tí n óò fi so ó mọ́ ọ̀pá. Nígbà tí mo dé, Tíṣà wà nínú ọgbà. Àbúrò ìyàwó mi ni. Ó ti fẹ̀yìn tì lẹ́nu iṣẹ́ olùkọ́, ṣùgbọ́n iṣẹ́ olùkọ́ ò tíì fẹ̀yìn tì lára rẹ̀. Kọ́kọ́rọ́ ilé wa ti wà lọ́wọ́ rẹ̀ láti ìgbà tí ẹ̀gbọ́n rẹ̀ ti ń ṣàìsàn. Tòmátì mi wà ní àtẹ́lẹwọ́ rẹ̀.

"O ti já a?"

"Ẹ kú àbọ̀, Ẹ̀gbọ́n. Ẹ fara balẹ̀. Àǹtí mi sọ fún mi pé..."

"Ta ló ní kí o já a? Èyí tí mo ń kẹ́ bí ọmọ tuntun! Àyà mà kò ẹ́ o!"

"Ẹ jẹ́ n sọ̀rọ̀ tán."

"Ọ̀rọ̀ wo ló kù? Fún mi ní kọ́kọ́rọ́ ilé mi."

Ó yọ ọ́ lé mi lọ́wọ́. Ó gbé èso náà sójú fèrèsé, láàárín àwọn aago tí mo tú palẹ̀, ó sì lọ. Kí n má purọ́, inú mi tún dùn díẹ̀ pé mo rí ẹnìkan dá lẹ́bi.

Òjò ò dá. Nígbà tó fi máa di ọjọ́ karùn-ún, igi tòmátì náà ti dúdú láti òkè délẹ̀, ó rọ bí aṣọ tí a fún. Ká ní èso yẹn ṣì wà lórí rẹ̀, wọn ì bá ti jọ jẹrà. Mo sáré wọlé. Lójú fèrèsé, láàárín àwọn aago mi, ó ti pọ́n dé ọrùn.

Ẹyin lohùn, mo sì ti jẹ́ kí tèmi balẹ̀. Mo fi áńkáṣíìfù wé tòmátì náà, mo mú kọ́kọ́rọ́ dání, mo kọrí sílé Tíṣà. Ó ṣílẹ̀kùn, kò kí mi. Mo na méjèèjì sí i.

"Ó pọ́n."

"Mo mọ̀ pé á pọ́n. Àǹtí mi ló kọ́ mi: bí àìsàn bá ti wọ igi, tí èso sì ti ń pọ́n díẹ̀, kéèyàn já a wọlé."

"Kí ló dé tí o ò sọ fún mi?"

"Ṣé ẹ jẹ́ n sọ ọ́ ni?"

Mo ní kó má bínú.

Ó gba tòmátì náà, ó fi kọ́kọ́rọ́ sílẹ̀ lọ́wọ́ mi. "Àǹtí mi tún bá mi sọ nǹkan mìíràn kí wọ́n tó lọ, nípa yín. Ọdún kẹta rèé tí mo ti fẹ́ sọ ọ́."

Mo jókòó, mo sì pa ẹnu mi mọ́.