Ọkọ̀ Tí Wọ́n Gbin Òdòdó Sí

Yéjídé ti fa òdòdó mẹ́ta tu tigbòǹgbò-tigbòǹgbò kí ẹ̀ṣọ́ ẹnu géètì tó sáré dé ọ̀dọ̀ rẹ̀. Ẹ̀kẹrin ti wà lọ́wọ́ rẹ̀, yẹ̀pẹ̀ ń dà láti ìdí rẹ̀ sórí bàtà tó fi ń lọ sí ṣọ́ọ̀ṣì.

"Màdáámù! Ẹ jọ̀ọ́, ẹ má ṣe bẹ́ẹ̀. Òdòdó ìjọba ni o!"

"Òdòdó ìjọba," ni Yéjídé wí, ó sì ju ti ọwọ́ rẹ̀ sílẹ̀. "Inú ọkọ̀ ta ni wọ́n gbìn ín sí?"

Ẹ̀ṣọ́ náà, Jethro lorúkọ rẹ̀, wo ọkọ̀, ó wo obìnrin náà, ó sì wo àwọn obìnrin mẹ́fà mìíràn tó dúró lẹ́yìn rẹ̀ tí wọ́n ti di ìró mọ́dìí gírígírí bí ẹni tó fẹ́ wọ odò. Kò mọ èyí tí yóò dá lóhùn nínú wọn.

Ọkọ̀ pákó ni, ọkọ̀ gígùn onígbòkun, èyí tí àwọn obìnrin abúlé kan ní etíkun Ìlàjẹ fi ń gbé àwọn ọmọbìnrin wọn lọ sílé ìwé ní òdì kejì ọ̀sà. Nígbà tí epo bẹntiró wọ́n bí ojú, tí gbogbo ẹ́ńjìnnì dákẹ́ sí èbúté, tí àwọn ọkùnrin káwọ́ gbera tí wọ́n ń bú ìjọba, àwọn obìnrin ló lọ fa ìgbòkun àwọn ìyá wọn jáde lórí àjà. Wọ́n rán ibi tó ya, wọ́n sì tún kọ́ bí a ṣe ń bá afẹ́fẹ́ lò. Bí wọ́n ṣe ń gbé àwọn ọmọ lọ ni wọ́n ń kọ́ wọn ní ìtukọ̀. Bí wọ́n ṣe ń bọ̀ ni wọ́n ń ṣa ọ̀rá àti àjákù àwọ̀n kúrò lójú omi. Moríyọ̀, àgbà obìnrin tó jẹ́ olórí wọn, kì í jẹ́ kí ọmọ kankan sọ̀ kalẹ̀ lọ́wọ́ òfo. "Òkun ló pọ̀n ọ́ dé ilé ìwé," ni ó máa ń wí. "Bá a nu ojú."

Yéjídé ní tirẹ̀, ìlú Oǹdó ló ti ń ṣe olùkọ́ láti ìgbà tí òkun ti gbé ilé bàbá rẹ̀ lọ. Ṣùgbọ́n kò sí ọlidé tí kì í lọ bá wọn ní etíkun, kó lọ kọ́ àwọn ọmọ náà ní ìṣirò, kó sì di ìtọ́kọ̀ mú títí àtẹ́lẹwọ́ rẹ̀ yóò fi bó.

Iléeṣẹ́ ìjọba kan tó ń rí sí ọ̀rọ̀ òkun ló wá ránṣẹ́ sí wọn láti Àkúrẹ́. Àkúrẹ́ o, ìlú tí èèyàn lè gbé títí tí yóò fi darúgbó láìfi ojú kan òkun! Wọ́n ní àwọn fẹ́ yá ọkọ̀ náà fún ọjọ́ kan péré, ọjọ́ tí wọ́n ń ṣe àjọ̀dún òkun, kí àwọn èèyàn lè wò ó. Ọjọ́ kan di oṣù kan. Oṣù kan di odindi ẹ̀ẹ̀rùn. Àwọn ọmọ jókòó sílé, ìdánwò àṣekágbá sì ń bọ̀. Wọ́n ti mú Goodness, ẹni tí orí rẹ̀ pé jù nínú wọn, lọ sí Èkó pé kó lọ máa bá wọn tọ́mọ, bàbá Joy náà sì ti ń wá ilé tí yóò fi tirẹ̀ sí. Ìyá Goodness ti sọ ọ́ kedere: bí ọkọ̀ bá padà dé, òun yóò lọ mú ọmọ òun wá kó wá ṣe ìdánwò, bí kò bá sì dé, kí ọmọ náà kúkú jókòó síbi tó ti ń rí oúnjẹ jẹ.

Wọ́n pe fóònù títí, ohùn kan náà ló ń sọ fún wọn pé kí wọ́n pè padà. Ojú lọ̀rọ̀ wà. Àwọn obìnrin náà wá sun ilé Yéjídé ní Oǹdó, wọ́n bẹ lọ́rì agégẹdú kan ní Ọ̀gbẹ̀sẹ̀ pé kó wá pàdé wọn, ilẹ̀ ọjọ́ náà kò sì tíì mọ́ tán tí wọ́n fi kọrí sí Àkúrẹ́.

Ohun tí wọ́n bá nìyí. Wọ́n ti kun ọkọ̀ náà ní búlúù, wọ́n ya ẹja funfun sí i lára, wọ́n kọ FẸ́RÀN ÒKUN RẸ sí i gàdàgbà, wọ́n sì rọ yẹ̀pẹ̀ kún inú rẹ̀. Yéjídé bẹ̀rẹ̀ wo abẹ́ rẹ̀. Ihò lọ́tùn-ún, ihò lósì, ihò tí àtàǹpàkò lè wọ̀.

"Ta ló lu èyí?"

"Kápẹ́ńtà ni, mà," ni Jethro wí. "Ọ̀gá ló ní kó lù ú, kí omi òjò má baà dúró nínú ẹ̀. Nítorí ẹ̀fọn."

Moríyọ̀ na ọwọ́, ó ń fi í tọ ojú ibi tí pákó ti so pọ̀ mọ́ pákó. Oòrùn ti ṣí gbogbo rẹ̀ sílẹ̀. Ìka rẹ̀ wọlé títí dé oríkèé. Ó fà á yọ, ó nù ún mọ́ ìró rẹ̀, ó sì gbójú kúrò. Yéjídé ti rí obìnrin yìí nínú ìjì, kò rí i kó gbójú kúrò nínú nǹkan rí. Ìbínú gùn ún débi pé etí rẹ̀ ń hó.

Ìgbà náà ni ọ̀gá fúnra rẹ̀ jáde. Ọ̀gbẹ́ni Oríọlá, ọmọ Ìkàrẹ́, ọkùnrin gíga kan tó mọ aṣọ wọ̀, tó ń rẹ́rìn-ín bí ẹni pé nítorí ẹ̀rín ni wọ́n ṣe gbà á síṣẹ́.

"Ẹ káàárọ̀ o, ẹ̀yin ìyá wa! Ṣé ẹ rí bí a ṣe tọ́jú ẹ̀? Kò sẹ́ni tó ń kọjá tí kì í ya fọ́tò níbẹ̀."

"Sà, ẹ ti lu ọkọ̀ wa," ni Yéjídé wí.

"Ihò kékeré yẹn? Ọkọ̀ tó jókòó sórí ilẹ̀, kí ni ihò fẹ́ fi ṣe é?"

"A wá gbé e lọ ni. Àwọn ọmọ fẹ́ ṣèdánwò."

"Áà, Tíṣà. Àwọn àlejò wa láti Àbújá ń bọ̀ lọ́la, òun gan-an ni wọ́n fẹ́ wá wò. Ó ti di nǹkan ìjọba báyìí. Ẹ fara balẹ̀, lọ́dún tó ń bọ̀ a ó ṣe tuntun fún yín, èyí tó ní ẹ́ńjìnnì ńlá."

"Epo wo la ó rọ sí i, sà?"

Ó rẹ́rìn-ín. "Ìbínú kò da nǹkan, Tíṣà. Sùúrù ni baba ìwà. Ẹ̀yin tẹ́ ẹ mọ̀wé ló yẹ kẹ́ ẹ là wọ́n lọ́yẹ̀."

Yéjídé gbé ìbínú tì sẹ́gbẹ̀ẹ́ kan, ó gbìyànjú láti là á lọ́yẹ̀. Ó sọ ti Goodness fún un. Ó sọ ti ọ̀sà, ti ìgbòkun, ti àwọn ọmọ tó ń ṣa àjákù àwọ̀n kúrò lọ́nà ẹja. Ó mú un dé ìdí ọkọ̀, ó fi ojú pákó tó ti ya hàn án, ó ń sọ ọ́ wẹ́rẹ́wẹ́rẹ́ bí ìgbà tí ó bá wà níwájú kíláàsì. Ọkùnrin náà ń mi orí. Ó wo aago ọwọ́ rẹ̀. Ó tún mi orí. Lẹ́yìn náà ó ní òun ní ìpàdé, ó sì yíjú sí ẹ̀ṣọ́. "Jethro, má jẹ́ kí lọ́rì kankan wọ inú ọgbà yìí lónìí. Ṣé o gbọ́ mi?" Ó bá tirẹ̀ lọ.

Olúwa mi, ẹni tó ń rí sí òkun nìyẹn.

Moríyọ̀ ló kọ́kọ́ sọ̀rọ̀. "Lọ́rì ló ní kó má wọlé, àbí?"

Wọ́n da yẹ̀pẹ̀ àti òdòdó nù sórí koríko rírẹ́ ìjọba. Wọ́n ká gèlè ṣe òṣùká, wọ́n tò sí abẹ́ ọkọ̀ náà lọ́tùn-ún lósì, wọ́n sì gbé e rù. Gbígbẹ tó ti gbẹ ti jẹ́ kó fúyẹ́; ìyẹn pàápàá tún dá kún ìbínú Yéjídé. Jethro dúró sí ẹnu géètì, ó na ọwọ́ méjèèjì.

"Màmá, ẹ dákun. Uṣẹ́ mi nìyí o."

"Ọmọ mi," ni Moríyọ̀ wí láti abẹ́ ẹrù, "ṣé o rí lọ́rì kankan nínú ọgbà yìí?"

Jethro wo ẹ̀yìn wọn, ó wo ọ́fíìsì ọ̀gá rẹ̀. Ẹ̀rín fẹ́ẹ́ gba ẹnu rẹ̀. "Mi ò rí lọ́rì, mà," ó wí, ó sì ṣí géètì.

Ojú pópó ni lọ́rì ti ń dúró dè wọ́n. Awakọ̀ fẹ́ kọjú sí ọ̀nà Oǹdó, kó lè gba Òrè bọ́ sí Igbókòdá, ṣùgbọ́n Yéjídé ní kò sóhun tó jọ ọ́. Bí wọ́n bá gbé ọkọ̀ náà ní gbígbẹ báyìí la inú kòtò ojú ọ̀nà wọ̀nyẹn kọjá, igi ìdáná ni wọn yóò sọ̀ kalẹ̀. Nílé wọn, ọkọ̀ tí oòrùn bá pa, omi ni wọ́n fi ń jí i. Wọn yóò di òkúta rù ú, wọn yóò rì í pátápátá sísàlẹ̀ odò, wọn yóò fi í sílẹ̀ níbẹ̀ kí pákó mu omi yó, kó wú, kí ojú rẹ̀ sì padà di mọ́ra. Wọ́n bá yí orí lọ́rì padà, wọ́n gba ẹ̀yìn Ọ̀bà-Ilé jáde, ó di odò Ọ̀gbẹ̀sẹ̀.

Ní etí odò, Moríyọ̀ bẹ àwọn agégẹdú fún àjákù igi líle. Ó fi àdá gbẹ́ èèkàn bí àtàǹpàkò, ó ń kàn án wọ inú ihò lọ́kọ̀ọ̀kan, ó ń ṣépè fún kápẹ́ńtà náà ní gbogbo ìgbà tó bá gbé òkúta sókè. Lẹ́yìn náà wọ́n tì í sómi. Omi ń gba gbogbo ojú pákó wọlé bí ìgbà tí èèyàn bá pọn omi sínú ajere. Àwọn tó ń fọṣọ dìde, wọ́n ń pariwo pé ọkọ̀ ń rì, ọkọ̀ ń rì! Àwọn obìnrin náà sì ń gbé òkúta sínú rẹ̀.

Bí ẹja funfun tí wọ́n yà sí i lára ṣe ń wọ abẹ́ omi lọ báyìí ni ọkọ̀ ayọ́kẹ́lẹ́ iléeṣẹ́ dé; àwọn tó rí ọkọ̀ búlúù lórí lọ́rì ló júwe ọ̀nà fún un. Ọ̀gbẹ́ni Oríọlá sáré sọ̀ kalẹ̀ ní gẹ̀rẹ́gẹ̀rẹ́ etí odò, bàtà rẹ̀ wọ inú ẹrẹ̀. Ó rí omi. Ó rí òkúta lọ́wọ́ wọn.

"Ẹ ti rì í!" Ẹ̀rín ti kúrò lójú rẹ̀. "Torí mi ò gbé e fún yín, ẹ lọ rì í!"

Yéjídé la ẹnu. Gbogbo ohun tó ti fi ń ṣe olùkọ́ láti ọjọ́ yìí dìde nínú rẹ̀: kó sọ fún un pé kì í ṣe bẹ́ẹ̀, pé èèyàn tó bá mọ òkun yóò mọ èyí, pé ọkùnrin náà ló pa ọkọ̀, àwọn ni wọ́n ń jí i. Ọ̀rọ̀ náà ti dé ètè rẹ̀. Moríyọ̀ kò wo ibi tó wà. Ó kàn ń to òkúta lọ, ó sì fi ohùn ìsàlẹ̀ wí pé: "Ọwọ́ wa ò tíì tẹ èèkù idà o, Tíṣà."

Yéjídé pa ẹnu dé.

"Ohun tí mo ń sọ nìyẹn," ni ọkùnrin náà ń wí, àwọn tó ń fọṣọ sì ń gbọ́. "A ní ẹ bá wa tọ́jú òkun, ẹ ò lè tọ́jú ọkọ̀. Ìbínú obìnrin! Ìwọ náà, ìwọ tó o pe ara rẹ ní olùkọ́, kí lo fẹ́ kọ́ ọmọ ọlọ́mọ?"

Ìwọ. Ó gbọ́ ọ. Ó wo ojú omi níbi tí orí ọkọ̀ ti ń rá lọ. Ó gbọ́ tí ẹnu òun fúnra rẹ̀ ń sọ pé, "Ẹ má bínú, sà."

Ọ̀gbẹ́ni Oríọlá pòṣé. "Ẹ máa gbé òkú igi yín. Kí n má tún rí ẹnì kankan nínú yín ní ọ́fíìsì mi mọ́." Ó gun etí odò padà, ó ń gbọn ẹrẹ̀ ẹsẹ̀ rẹ̀ nù. Mọ́tò náà lọ.

Ọ̀kan nínú àwọn obìnrin náà bú sẹ́rìn-ín, àwọn tó kù sì gbè é. Wọ́n ń pe orúkọ Goodness, wọ́n ń pe orúkọ Joy, wọ́n ń la ọwọ́ mọ́ra. Yéjídé kò rẹ́rìn-ín. Ó dúró nínú omi tó dé itan rẹ̀, ìbínú òwúrọ̀ sì wà nínú rẹ̀ bó ṣe wà, kò dín. Láti àárọ̀ ló ti rò pé ọkọ̀ nìkan ni òun wá gbà. Kò mọ̀ pé òun tún ń retí kí ọkùnrin yẹn wo ihò tó lù, kó sì fi ẹnu ara rẹ̀ sọ pé òun ṣì í ṣe. Lọ́la ni yóò dúró níwájú àwọn àlejò rẹ̀, yóò ròyìn àwọn obìnrin tó fi ìbínú rì ọkọ̀ ara wọn, wọn yóò sì jọ rẹ́rìn-ín. Bó bá mọ òtítọ́, yóò wá gba ọkọ̀ náà. Bí ọkọ̀ náà yóò bá yè, àfi kó má mọ̀ títí láé.

Nǹkan kan rọra ń fi ara kan ojúgun rẹ̀ lábẹ́ omi. Ó wolẹ̀. Ìfófòó kéékèèké ló ń jáde láti ojú pákó, wọ́n ń gòkè wá lẹ́sẹẹsẹ, wọ́n ń bẹ́ lójú omi láìpariwo.

"Ó ti ń mu," ni Moríyọ̀ wí.

Yéjídé bẹ̀rẹ̀, ó gbé òkúta kan sí i.