Tíṣà Ló Bá Wa Dáhùn

Ẹni tó bá sọ pé mi ò gbọ́ èdè yẹn, ẹ wí fún un pé irọ́ ló ń pa. Ọdún mẹ́rin ni mo fi kọ́ ọ. Rédíò làwọn ẹgbẹ́ mi ń pè mí, nítorí ẹnu mi kì í sinmi ní kíláàsì. Síbẹ̀, ìwé ẹ̀rí tí mo gbà bọ̀ láti òkè òkun sọ pé alákọ̀ọ́bẹ̀rẹ̀ ni mí.

Àwa akẹ́kọ̀ọ́ mẹ́fà la lọ, Tíṣà ló kó wa lọ. Ọ̀sẹ̀ kan péré ni: ẹ̀kọ́ èdè láàárọ̀, wíwo ìlú lọ́sàn-án. Fún àwọn márùn-ún yòókù, fàájì ni. Tèmi yàtọ̀. Ilé ìwé àwọn nọ́ọ̀sì kan níbẹ̀ ti fi àyè sílẹ̀ dè mí di ọjọ́ Ẹtì, bí mo bá lè mú ìwé ẹ̀rí ìpele kẹta wá. Màámi, tó jẹ́ télọ̀, ti rán yúnífọ́ọ̀mù funfun pa mọ́ sínú àpótí.

Mi ò ní purọ́ mọ́ Tíṣà, ó ṣe mí lóore. Bí ilé ìwé bá ti ń jáde, á jókòó tì mí títí ẹnu mi á fi yí èdè náà dáadáa. Àmọ́ òun fúnra rẹ̀ kò dé ìlú yẹn rí. Inú ìwé ló ti kọ́ èdè tó ń kọ́ wa.

Lọ́jọ́ Ajé, obìnrin kan tó wọ awò ojú pè wá sí ọ́fíìsì tóóró kan, kó lè mọ kíláàsì tó tọ́ sí kálukú, torí ìpele kíláàsì náà ni wọ́n á kọ sínú ìwé ẹ̀rí wa. Àga Tíṣà ló wà níwájú. Obìnrin náà kọjú sí mi, ó bi mí ní iṣẹ́ tó wù mí àti ìdí tó fi wù mí. Mo gbọ́ ọ yékéyéké. Mo ti ń lanu ni Tíṣà gba ọ̀rọ̀ sọ. Ó ní ìrìn wa dára, ó ní a dúpẹ́. Obìnrin náà tún ìbéèrè yẹn bi mí, díẹ̀díẹ̀, bí ẹni ń bá ọmọ ọwọ́ sọ̀rọ̀. Tíṣà tún dúpẹ́. Òógùn ti bo iwájú orí rẹ̀.

Kí ni kí n ṣe? Bí mo bá dáhùn bó ṣe yẹ, gbogbo ilé á mọ̀ pé olùkọ́ wa kò gbọ́ ohun tí wọ́n bi wá. Àwọn tó ní ẹni bá dákẹ́, tara rẹ̀ á bá a dákẹ́, àwọn náà ló kọ́ mi pé a kì í gba ọ̀rọ̀ lẹ́nu àgbà lójú àlejò. Mo sorí kọ́, mo ń wo bàtà mi. Àwọn yòókù ń wo tiwọn. Ọmọlúàbí mẹ́fà! Obìnrin náà kọ "kíláàsì kìíní" síwájú orúkọ gbogbo wa.

Bí wọ́n ṣe ń fi àwòrán ilẹ̀kùn àti ṣíbí hàn wá nìyẹn, pé ká máa dárúkọ wọn. Lọ́sàn-án, wọ́n á kó wa lọ wo ilé ohun ìṣẹ̀ǹbáyé. Ẹni tó ń mú wa káàkiri á ṣàlàyé, Tíṣà á túmọ̀ rẹ̀ ní òdìkejì, àwa á sì máa mirí bí alángbá.

Awakọ̀ bọ́ọ̀sì ni obìnrin tó gbà mí sílé. Lọ́dọ̀ tirẹ̀, mo máa ń sọ̀rọ̀ títí tíì wa á fi tutù. Lálẹ́ Ọjọ́rú, ó rí ìwé iṣẹ́ tí wọ́n fún mi ṣe, ó yanu.

"Kí lò ń wá ní kíláàsì yìí? Ọ̀la ni wọ́n ń kọ ìwé ẹ̀rí. Jẹ́ kí n mú ẹ lọ bá wọn láàárọ̀."

Inú mi dùn. Àmọ́ ṣé mo lè fo Tíṣà dá? Kílẹ̀ tó mọ́ dáadáa, mo ti lọ bá a ní yàrá rẹ̀, mo ro ohun tí awakọ̀ wí fún un. Ó ń fi ìka nu tábìlì tí kò léruku.

"Rédíò, tó o bá bá onímọ́tò yẹn lọ, wọ́n á béèrè ìdí tí mo fi ń bá yín dáhùn. Ṣé o fẹ́ kí wọ́n fi mí ṣe yẹ̀yẹ́ ni?"

"Rárá o, sà."

"Fi sílẹ̀ fún mi, èmi fúnra mi á lọ bá wọn. Àbí èmi kọ́ ni bàbá yín níbí?"

"Ẹ̀yin ni, sà. Ẹ ṣé, sà."

Mo ní kí awakọ̀ má ṣèyọnu mọ́. Ó wò mí bí ẹni tórí rẹ̀ kò pé, ó bá iṣẹ́ rẹ̀ lọ.

Nígbà tí wọ́n pín ìwé ẹ̀rí lọ́jọ́ Ẹtì, ìpele kìíní ló wà lára tèmi. Mo sáré wọ ọ́fíìsì tóóró yẹn, mo tú gbogbo ọ̀rọ̀ sílẹ̀ fún obìnrin náà pẹ̀lú omi lójú. Ó yọ awò ojú rẹ̀.

"O gbọ́ èdè wa tó báyìí, o wá dákẹ́ látọjọ́ Ajé? A ti fi èsì rẹ ránṣẹ́ sílé ìwé àwọn nọ́ọ̀sì láàárọ̀. Wọ́n ti fi àyè yẹn fún ẹlòmíì."

"Tíṣà wa ò wá bá yín lánàá ni?"

"Ó wá. Ó dúpẹ́ gan-an, ó ní gbogbo yín ni kíláàsì yín tẹ́ lọ́rùn."

Mo bá Tíṣà nínú bọ́ọ̀sì tó fẹ́ gbé wa lọ sí pápákọ̀ òfuurufú. Kò wo ojú mi.

"Mo bẹ̀ wọ́n, ọmọ mi. Mo bẹ̀ wọ́n títí, wọn ò gbà ni."

Ó ṣe mí bíi kí n gbá a létí. Mo kórìíra rẹ̀, mo sì ń ṣàánú rẹ̀. Màámi pè lórí fóònù, mo sì sọ fún un pé àyè yẹn ti bọ́.

"Tíṣà ńkọ́? Ṣé ó gbìyànjú?"

Gbogbo bọ́ọ̀sì ló ń gbọ́. Ọrùn Tíṣà le gbagidi níwájú mi.

"Ó gbìyànjú, mà."

"Kúnlẹ̀, kó o bá mi dúpẹ́ lọ́wọ́ rẹ̀."

Mo kúnlẹ̀ sáàárín àga.

"Màámi ní ẹ ṣé, sà."

Ó ní kò tọ́pẹ́.