Ọ̀pọ̀lọ́ Bàbá Àmì

Bí ẹ bá ti gbọ́ orúkọ tí wọ́n ń pe ọkùnrin yìí, ẹ ti mọ ìwà rẹ̀. Bàbá Àmì ni gbogbo abúlé ń pè é. Akọ̀wé pátákó ni, kò sì sí ọ̀rọ̀ tí yóò kọ tí kò ní fi àmì ohùn sí i. Ó ti bá ọ̀gá ilé-ìwé fa ọ̀rọ̀ rí nítorí àmì kan ṣoṣo. "Ọkọ́ kì í ṣe ọkọ̀," ló máa ń wí. "Ẹni tí ò bá mọ ìyàtọ̀ wọn á gun ọkọ́ rìnrìn àjò."

Ṣùgbọ́n láti oṣù mẹ́jọ tí ìyàwó rẹ̀ ti kú, oorun ti kọ̀ ọ́ sílẹ̀. Oúnjẹ kò dùn lẹ́nu rẹ̀ mọ́. Nígbà mìíràn yóò gbé búrọ́ọ̀ṣì, yóò sì gbàgbé ohun tó fẹ́ kọ. Ó máa ń rò ó lọ́kàn pé ẹni tó wà lábẹ́ ilẹ̀ gan-an ló ń sinmi. Kò sọ ọ́ fún ẹnikẹ́ni. Bí wọ́n bá bi í pé ṣé dáadáa ni, á ní, "A dúpẹ́." Ẹ̀yin náà mọ irú a dúpẹ́ bẹ́ẹ̀, ilẹ̀kùn ni èèyàn ń fi í tì.

Nọ́ọ̀sì tuntun dé sí ilé ìwòsàn abúlé, ó kéde pé gbogbo Ọjọ́bọ̀ lòun yóò máa rí ẹni tí ọkàn rẹ̀ bá wúwo. Ọjọ́bọ̀ mẹ́ta kọjá, eṣinṣin nìkan ló bà lórí bẹ́ǹṣì. Ta ló fẹ́ kí wọ́n rí òun níbi tí wọ́n ti ń tọ́jú wèrè? Nọ́ọ̀sì bá ní kí Bàbá Àmì bá òun kọ pátákó kan: ÌTỌ́JÚ ỌPỌLỌ, ỌJỌ́BỌ̀.

Ọjọ́rú ni wọ́n gbé e kọ́. Nígbà tó fi máa di àárọ̀ ọjọ́ kejì, ẹ̀rín ti gba abúlé kan. Ọ̀rọ̀ kan ṣoṣo tí kò fẹ́ àmì ohùn kankan lórí pátákó náà ni Bàbá Àmì kó àmì mẹ́ta lé lórí. Ọ̀PỌ̀LỌ́ ló kọ. Nọ́ọ̀sì ti di dókítà ọ̀pọ̀lọ́.

Ojú tì í gidi. Ó gbé agolo ọ̀dà, ó forí lé ilé ìwòsàn. Ó bá èèyàn mẹ́rin lórí bẹ́ǹṣì. Bíríkìlà tó já bọ́ láti orí òrùlé lọ́dún tó kọjá, tí kò tíì gun àkàbà látìgbà náà, ló kọ́kọ́ kí i.

"Bàbá Àmì, ẹ ṣé o. Ká ní ti ọpọlọ ni, ẹ ò ní rí mi níbí. Ṣùgbọ́n ó ti pẹ́ tí ọ̀pọ̀lọ́ ti ń fò láyà mi."

"Tèmi ò tiẹ̀ jẹ́ kí n jáde nílé," aránṣọ tó jókòó tì í ní. Wọ́n rẹ́rìn-ín, kò sì sẹ́ni tó fojú pamọ́.

Bàbá Àmì ò rí ohun tó pa wọ́n lẹ́rìn-ín. "Nọ́ọ̀sì, ẹ gbé àkàbà fún mi, kí n pa ìranù yìí rẹ́."

"Ẹ fi sílẹ̀ ná, Bàbá. Ẹ̀yin tí ẹ kì í ṣi àmì kọ. Báwo lẹ ṣe ń sùn?"

"A dúpẹ́."

"Mi ò kí yín, Bàbá. Mo bi yín ni."

Ó gbé agolo ọ̀dà láti ọwọ́ kan sí èkejì.

"Ọ̀pọ̀lọ́ kì í déédé sáré ọ̀sán," bíríkìlà rọra wí. "Bí ò bá lé nǹkan, nǹkan ń lé e." Ó sún, ó fún un láyè.

Bàbá Àmì gbé agolo sílẹ̀, ó jókòó. Omi ti lé ròrò sójú rẹ̀.

"Tèmi kì í sùn," ó ní. "Látìgbà tí ìyàwó mi ti lọ. Ọ̀pọ̀lọ́ yìí sì ń sọ fún mi pé kí n tẹ̀lé e lọ."

Ẹnikẹ́ni kò rẹ́rìn-ín. Nọ́ọ̀sì mú un wọlé, ó ti ilẹ̀kùn, ó sì gbọ́ ọ dópin. Bàbá Àmì lo oògùn, ó sì ń wá ní Ọjọ́bọ̀ gbogbo. Ó tó oṣù mélòó kan kí oorun tó mọ̀nà ilé rẹ̀ padà.

Wọn ò pa pátákó náà rẹ́. Lọ́jọ́ kan, àlejò kan tó jẹ́ olùkọ́ dúró síwájú rẹ̀, ó ní àṣìṣe wà níbẹ̀.

"Èmi ni mo kọ ọ́," Bàbá Àmì dáhùn láti orí bẹ́ǹṣì. "Mo mọ ohun tó ń ṣe mí lọ́jọ́ náà. Ẹ̀yin ńkọ́, báwo lẹ ṣe ń sùn?"

"A dúpẹ́," ni olùkọ́ wí.

Bàbá Àmì sún lórí bẹ́ǹṣì, ó fún un láyè.