Àgádágodo Ẹnu Kànga

Ẹ jẹ́ ká sọ òótọ́: ìyàwó tó bá fi àgádágodo ti kànga ìyá ọkọ ẹ̀ kò gbọdọ̀ retí pé wọn yóò máa kì í lóríkì. "Ìyàwó Àgádágodo" ni ìyá ń pè é, níwájú àlejò, lẹ́yìn àlejò. Ìyàwó ò sì jẹ̀bi. Iṣẹ́ rẹ̀ ni kó máa bu omi abẹ́ ilẹ̀ fún àyẹ̀wò, òun ló sì kọ́kọ́ gbóòórùn pẹtiróòlù nínú kànga náà, nígbà tí táǹkì tí wọ́n rì mọ́lẹ̀ ní ilé epo ẹ̀yìnkùlé ń jò.

Wọ́n ti hú táǹkì yẹn tipẹ́. Wọ́n gbẹ́ ihò tóóró yí àdúgbò ká, ẹ̀rọ ń fa omi inú wọn jáde, ó ń fi èédú sẹ́ ẹ, títí òórùn fi lọ. Ó wá ku àyẹ̀wò àṣekágbá. Bí omi kànga bá mọ́, wọn yóò ṣí i. Bí kò bá mọ́, kọnkéré ni wọn yóò dà dí i, ọ̀rọ̀ bùṣe. Ọwọ́ bàbá ọkọ, ẹni tó ti ṣaláìsí, ló gbẹ́ kànga yẹn, kí wọ́n tó kọ́ ilé rárá. Ìyá ń fara da àgádágodo. Kọnkéré ni kò lè fara dà.

Lọ́jọ́ tí ìyàwó wá bu omi, ìyá yọjú lójú fèrèsé.

"Ìyàwó Àgádágodo, rọra bù ú o. Ọkọ mi ló gbẹ́ ẹ."

"Mo gbọ́, mà."

Ìyàwó wọ ìbọ̀wọ́ tuntun, ó bu omi kún àwọn ìgò dé ẹnu, ó tò wọ́n sínú kúlà. Ọkọ rẹ̀, tó ń wa ọkọ̀ ibi iṣẹ́ wọn, gbé kúlà sẹ́yìn ọkọ̀, wọ́n gbéra.

Ilé àyẹ̀wò pè. Pẹtiróòlù ṣì wà nínú omi. Òun àti ọkọ ẹ̀ lọ sọ fún ìyá. Ìyá ò bú u, ìyá ò pariwo. Ó kàn lọ jókòó ti kànga, ó gbé ọwọ́ lé ọmọrí ẹ̀. Ìyẹn dun ìyàwó ju gbogbo ìnagijẹ lọ.

Ó dúró síbẹ̀, ó ń rò ó. Omi ihò tóóró tó wà láàárín ilé epo àti kànga mọ́ tónítóní. Báwo lepo ṣe fo ìyẹn kọjá? Ó tún pe ilé àyẹ̀wò.

"Ẹ jọ̀ọ́, ìgò tí a kì í ṣí ńkọ́?"

Ìgbàkígbà tí wọ́n bá lọ bu omi, wọ́n a mú ìgò omi mímọ́ kan dání, tí wọ́n ti dé pa láti ilé àyẹ̀wò. Ẹnikẹ́ni kì í ṣí i. Ó kàn ń bá àwọn yòókù lọ, ó ń bá wọn bọ̀. Òórùn epo lè gba abẹ́ ọmọrí ìgò wọlé; bí wọ́n bá rí epo nínú òun náà, a jẹ́ pé ojú ọ̀nà lepo ti wọlé.

Ẹni tó wà níbẹ̀ lọ yẹ̀ ẹ́ wò, ó pe padà. Pẹtiróòlù wà nínú òun náà.

Ìyàwó yíjú sí ọkọ ẹ̀. "Kí lẹ gbé sẹ́yìn ọkọ̀ lọ́jọ́ yẹn?"

"Kúlà."

"Àti kí ni?"

Ọkùnrin náà họrí. "Kẹ́ẹ̀gì pẹtiróòlù kan báyìí. Màámi ló rán mi, ti jẹnẹrétọ̀ wọn."

Ìyá gbójú sókè. "Èmi?"

"Ẹ̀yin ni, mà."

Ìyá wo ọmọ ẹ̀, ó wo kànga, èjìká ẹ̀ bẹ̀rẹ̀ sí í gbọ̀n. Àṣé ẹ̀rín ni. "Kòkòrò tó ń jẹ ẹ̀fọ́, ara ẹ̀fọ́ ló kúkú wà," ó ní, omijé ẹ̀rín ń bọ́ lójú ẹ̀. "Èmi ni mo fẹ́ fọwọ́ ara mi dí kànga ọkọ mi."

Wọ́n tún omi bù. Lọ́tẹ̀ yìí, ìyá fúnra ẹ̀ yẹ ẹ̀yìn ọkọ̀ wò, ó sì ní kí ọmọ òun na ọwọ́ kóun gbóòórùn ẹ̀. Omi mọ́. Ìgò tí a kì í ṣí náà mọ́. Inú ìyàwó dùn débi pé ó ń kọrin lójú títì.

Ó ṣí àgádágodo. Ìyá fa garawa àkọ́kọ́, ó bu ife kan, ìyàwó ló gbé e fún. Omi náà tutù, kò rùn, kò sì ní adùn kankan ju adùn omi lọ.

Ìyá wá mú àgádágodo nílẹ̀. Ó gbé e lọ sí yàrá kékeré tí jẹnẹrétọ̀ àti kẹ́ẹ̀gì wà, ó fi ti ilẹ̀kùn ibẹ̀ gbọin, ó sì na kọ́kọ́rọ́ sí ìyàwó.

"Ìyàwó Àgádágodo mi," ó ní, "tọ́jú ẹ̀. Bí mo bá bèèrè ẹ̀, má fún mi."