Òrìṣà Tó Jí Nínú Ààrò Tamsuri

Ẹnu ló ń bí òrìṣà ní ìlú Hesuri. Ohun yòówù tí ènìyàn bá ń ráhùn sí lójoojúmọ́, bó pẹ́ bó yá, yóò létí, bó bá sì létí tán, yóò lẹ́nu. Ìdí nìyí tí wọ́n fi ń sọ fún ọmọdé pé bí ọ̀rọ̀ bá dùn ọ́, sọ̀kalẹ̀ lọ rò ó fún odò, nítorí odò kì í dúró gbọ́ ẹjọ́ ẹnì kan tán débi tí yóò fi di òrìṣà.

Ṣùgbọ́n otútù mú lọ́dún kan, ọ̀nà odò sì jìn. Àwọn tó ń ra búrẹ́dì lọ́wọ́ Tamsuri a máa fi ẹ̀yìn ti ààrò amọ̀ rẹ̀ níbi tó ti gbóná, wọn a máa ráhùn ọkọ, ráhùn ewúrẹ́, ráhùn orúnkún. Tamsuri bẹ̀ wọ́n títí. Wọ́n ní àwọn kò bá ààrò sọ̀rọ̀, ara àwọn làwọn ń bá sọ ọ́. Dolune, ìyá ọkọ rẹ̀, ló burú jù nínú wọn, nítorí bó bá ti ń ro ẹjọ́ ni yóò máa fọwọ́ gbá ààrò pẹ́pẹ́, bí ẹni pé ó fẹ́ kó dá sí i.

Láàárọ̀ ọjọ́ kan, bí Tamsuri ti fẹ́ dáná, ààrò ní, "Orúnkún ń ro mí."

Tamsuri jókòó lórí ìdì igi. Ẹ̀rù kò bà á, ó kàn rẹ̀ ẹ́ ni. Ó mọ òfin: ilé tí òrìṣà bá jí sí ti di ti òrìṣà, ẹnikẹ́ni kò sì gbọdọ̀ fi iná oúnjẹ kàn án mọ́. Opó ni, ààrò yìí nìkan ló sì fi ń bọ́ àwọn ọmọ rẹ̀ àti Dolune fúnra rẹ̀.

Kó tó ti ilẹ̀kùn, Dolune ti ké sí gbogbo àdúgbò pé ìdílé àwọn ti ga. Tamsuri bi í pé gíga wo ni ẹni tí yóò sùn síta ga. Màmá ní kó má sọ̀sọkúsọ níwájú òrìṣà.

Àgbà ìlú méjì dé, Gorvat àti Pelim. Wọn kò tilẹ̀ wo obìnrin tó ń kó abọ́ jáde, àríyànjiyàn ni wọ́n bẹ̀rẹ̀. Gorvat ní inú ilẹ̀ ni òrìṣà ti ń wá, amọ̀ ló gbé èyí wọlé. Pelim ní irọ́ ni, ojú ọ̀run ni, ihò èéfín ló gbà wọlé. Wọ́n ń bá a lọ títí ìyẹ̀fun pípò fi bẹ̀rẹ̀ sí í kan nínú ọpọ́n.

"Ẹ̀yin bàbá, ẹnu yín ló ti wá," ni Tamsuri wí. "Bàbá Gorvat, nínú gbogbo wa, orúnkún ta ló ń ro ó?"

Gorvat wolẹ̀. Pelim fẹ́ rẹ́rìn-ín, ó fi ikọ́ bò ó. Ó ní ibi yòówù kó ti wá, ó ti dé, kí ìyàwó máa palẹ̀ mọ́.

Ni ààrò bá bú sẹ́kún. Wọ́n fi oje igi olóòórùn dídùn ṣèéfín fún un, ó sín. Wọ́n kọrin, igbe rẹ̀ ròkè sí i. Dolune ń ṣìpẹ̀ fún un, ó ń pè é lọ́mọ òun. Gbogbo rẹ̀ sú Tamsuri. Ó gba àárín àwọn àgbà kọjá, ó bẹ̀rẹ̀ mọ́lẹ̀ sí ẹnu ààrò.

"Ìwọ, kí ló ń ṣe ọ́? Mi ò bi ọ́ ní ti Gorvat, mi ò bi ọ́ ní ti Màmá. Tìrẹ ni mo bi."

Ó jọ pé ẹnikẹ́ni kò bi ààrò bẹ́ẹ̀ rí.

"Otútù ń mú mi," ló wí. "Ẹ ò dáná sí mi láti àárọ̀."

Gorvat ní òfin kò gbà. Tamsuri bi í pé tó bá ti di òfin àgbà àti ọ̀rọ̀ òrìṣà, èwo ló ga jù. Tamsuri ki igi bọ ààrò, ó ṣáná sí i, ẹkún náà sì ń rọlẹ̀ díẹ̀díẹ̀ bí ti ọmọ tó rí ọmú. Ó kó abọ́ rẹ̀ padà wọlé, kò sì sẹ́ni tó dá a dúró. Pelim jókòó, ó ní àwọn kúkú lè dúró de búrẹ́dì. Tamsuri ní kí wọ́n dúró, ṣùgbọ́n kí wọ́n panu mọ́.

Nígbà tí búrẹ́dì àkọ́kọ́ jinná, ó nu òógùn ojú, ó rò pé wàhálà ti tán.

"Iyọ̀ ti pọ̀ jù," ni òrìṣà wí.

Dolune ní òun ti ń sọ ọ́ fún un tipẹ́.