Súwẹ́tà Bàbá Búrẹ́dì

Kò sí ẹni tó lè sọ fún Jemimah Adékọ́lá pé Bàbá Búrẹ́dì kì í ṣe ará ilé òun. Ọdún mẹ́rin gbáko ni òun àti Dominic ọkọ rẹ̀ fi ń wo ọkùnrin náà nínú tẹlifíṣọ̀n ní ìrọ̀lẹ́, ẹ̀pà lọ́wọ́. Eré apanilẹ́rìn-ín ni, nípa ìdílé kan tó ti Filipíìnì lọ dá ilé búrẹ́dì sílẹ̀ ní Tòróńtò, Bàbá Búrẹ́dì sì ni olórí ilé náà. Akínfẹ́mi, àkọ́bí wọn, ló fi ránṣẹ́ sílé. Òun náà ń gbé ní Tòróńtò yẹn, ó sì ní bí wọ́n bá fẹ́ mọ bí àlejò ṣe ń gbé níbẹ̀, àwọn èèyàn yìí ni kí wọ́n máa wò.

Dominic fi ọgbọ̀n ọdún ṣiṣẹ́ ní kánsù Ọ̀wọ̀, kì í sì í fi ẹ̀rín ṣòfò. Ṣùgbọ́n bí Bàbá Búrẹ́dì bá ti yọjú, á rẹ́rìn-ín títí ikọ́ á fi gbé e. Ohun tó ń pa á lẹ́rìn-ín jù ni súwẹ́tà àwọ̀ ewé tí ọkùnrin náà kì í bọ́, àní níwájú ààrò. Akínfẹ́mi gbọ́, ó ra irú rẹ̀ kan, ó fi rán ẹni tó ń bọ̀ wálé. Ó parí! Dominic á wọ súwẹ́tà nínú ooru Ọ̀wọ̀, á ká ọwọ́ sẹ́yìn, á tiro díẹ̀, á máa rìn yí pálọ̀ ká bíi Bàbá Búrẹ́dì nígbà tí búrẹ́dì rẹ̀ bá jóná. Jemimah á ní kó jókòó, kó yé ṣe bí ọmọdé.

Ikú kò mọ àwàdà. Ní oṣù karùn-ún, Dominic ṣubú nínú oko kòkó rẹ̀ ní Ìdásẹn. Mùnírù, ẹni tí wọ́n jọ ń roko náà, ló gbé e sórí ọ̀kadà dé ọsibítù. Ilẹ̀ ọjọ́ kejì kò mọ́ bá a.

Akínfẹ́mi kò wálé sin ín. Ìwé ìgbélùú rẹ̀ kò tíì jáde, bó bá sì kúrò níbẹ̀, wọn kò ní jẹ́ kó padà wọlé. Mofìyìn, àbúrò rẹ̀ obìnrin tó ń ṣe tíṣà ní Ifọ́n, ṣàlàyé títí ẹnu rẹ̀ fẹ́rẹ̀ẹ́ bó. Jemimah kò gbà. Ẹni ọmọ sin ló bímọ, àkọ́bí ọkùnrin ló sì yẹ kó kọ́kọ́ bu erùpẹ̀ sí ibojì bàbá rẹ̀. Ọmọ ẹ̀gbọ́n Dominic ló bù ú, lójú fáda àti gbogbo ìjọ. Jemimah rí bí àwọn èèyàn ṣe ń wo ara wọn. Ojú tì í, ìtìjú náà sì di ìbínú.

Nígbà tí wọ́n fẹ́ pín aṣọ òkú, Akínfẹ́mi tẹ̀ ẹ́ láago. Kò bèèrè agbádá, kò bèèrè aago ọwọ́. "Màmá, ẹ jọ̀ọ́, súwẹ́tà yẹn nìkan."

"Ẹni tí kò bu erùpẹ̀ sí bàbá rẹ̀ lára, aṣọ wo ló fẹ́ gbà?" Ó pa fóònù. Ó gbé súwẹ́tà náà fún Mùnírù, kò sì gbé ìpè ọmọ rẹ̀ mọ́. Àwọn èèyàn bẹ̀ ẹ́ pé ọmọ ẹni kì í burú títí ká fi fún ẹkùn pa jẹ. Ó ní òun kò fún ẹkùn, òun kàn dákẹ́ ni.

Ọyẹ́ dé. Ní Sátidé kan nínú oṣù kìíní, Mofìyìn wálé. Ó ní wọ́n ń ṣàjọyọ̀ ọdún mẹ́wàá eré náà, wọ́n sì ń yẹ́ àwọn òṣèré rẹ̀ sí. Jemimah ní òun kò wò. Láti ìgbà tí Dominic ti kú ló ti fi aṣọ bo tẹlifíṣọ̀n. Mofìyìn ká aṣọ kúrò, ó tàn án.

Àwọn òṣèré náà jókòó nínú aṣọ ìlú àwọn òbí wọn. Ilẹ̀ òyìnbó ni wọ́n bí wọn sí, ṣùgbọ́n àwọn òbí wọn ti Filipíìnì, Ṣáínà àti Íńdíà wá. Mofìyìn ń túmọ̀ èyí tó bá yára jù. Obìnrin tó ń ṣe Ìyá Búrẹ́dì ní ogún ọdún lòun fi ṣe nọ́ọ̀sì tí kò lórúkọ nínú eré ẹlòmíràn, kí wọ́n tó fún òun ní ọkọ, ọmọ àti ṣọ́ọ̀bù nínú eré yìí. Àwọn èrò dìde, wọ́n pàtẹ́wọ́. Jemimah náà ti pàtẹ́wọ́ kó tó rántí pé inú ń bí òun.

Ó kan Bàbá Búrẹ́dì. Ó la ẹnu, Gẹ̀ẹ́sì bíi ti òyìnbó pọ́nbélé ló jáde.

"Ohùn ta nìyí?" Jemimah bèèrè.

"Ohùn tirẹ̀ gan-an nìyẹn, Màmá. Ó ní èyí tí ẹ mọ̀ yẹn, ohùn bàbá òun ni òun fi ń ṣeré."

Iṣẹ́ búrẹ́dì ni bàbá náà ṣe. Ó darúgbó, ó padà sí Filipíìnì, ó fi súwẹ́tà àwọ̀ ewé yẹn sílẹ̀ fún ọmọ rẹ̀ nítorí kò sí òtútù níbẹ̀. Ọ̀sẹ̀ tí wọ́n bẹ̀rẹ̀ eré ló kú. Àwọn tó ń ṣe eré náà kò fún ọmọ rẹ̀ láyè láti lọ, wọ́n sì sin bàbá náà láìsí ọmọ níbẹ̀. "Ìgbàkígbà tí mo bá wọ̀ ọ́," ni ọkùnrin náà wí, "mo ń jẹ́ kí bàbá mi rìn díẹ̀ sí i."

Jemimah sún mọ́ tẹlifíṣọ̀n. Ìyá rẹ̀ àgbà ti sọ fún un nípa àkó. Ní Ọ̀wọ̀ àtijọ́, bí àgbà pàtàkì bá kú, wọ́n á gbẹ́ igi bí ojú rẹ̀ ṣe rí gẹ́lẹ́, wọ́n á wọ aṣọ rẹ̀ fún un, wọ́n á gbé e yí ìlú ká kí àwọn èèyàn rẹ̀ tún lè rí i. Ọmọ òkú ló ń ṣe é. Ọmọ tirẹ̀ bèèrè aṣọ kan ṣoṣo, òun sì fi dù ú.

Kò jẹun. Ó gun ọ̀kadà, ó di Ìdásẹn.

Mùnírù dọ̀bálẹ̀ kí i. Nígbà tó gbọ́ ohun tó bá wá, ó wọlé, ó mú apá súwẹ́tà kan jáde, ó ti jóná dé ìgbúnwọ́.

"Ẹ má bínú, Màmá. Iná ọyẹ́ fẹ́ wọ oko Bàbá lọ́sẹ̀ tó kọjá. Kò sí ohun mìíràn lọ́wọ́ mi, òun ni mo bọ́, tí mo fi ń lu iná náà."

Jemimah wo kòkó Dominic lẹ́yìn rẹ̀, gbogbo rẹ̀ ló dúró. Ó dúpẹ́ lọ́wọ́ rẹ̀. Ó ká apá aṣọ náà sínú báàgì, ó sì sunkún délé.

"Pe ẹ̀gbọ́n rẹ," ló wí fún Mofìyìn. "Kí n rí ojú rẹ̀."

Fóònù dún lẹ́ẹ̀kan péré. Ẹni tó yọjú wọ súwẹ́tà àwọ̀ ewé.

"Akínfẹ́mi, mo ti fi aṣọ bàbá rẹ ta ẹlòmíràn lọ́rẹ. Ó ti jóná. Mo ṣe ọ́ ní ibi, ọmọ mi."

"Màmá, Mofìyìn ti sọ fún mi nígbà tí ẹ fi tọrẹ. Mo padà sí ṣọ́ọ̀bù tí mo ti ra ti Bàbá. Ó ku ọ̀kan, mo rà á."

Jemimah wò ó pẹ́. Ó ti sanra, irun rẹ̀ ti ń hewú létí bíi ti Dominic.

"Dìde," ló wí. "Rìn, kí n wò ọ́."

Akínfẹ́mi gbé fóònù lé ibì kan. Ó ká ọwọ́ sẹ́yìn, ó tiro díẹ̀, ó rìn dé ojú fèrèsé tí yìnyín wà lẹ́yìn rẹ̀, ó sì padà. Mofìyìn bú sẹ́kún. Jemimah dìde dúró, ó kúnlẹ̀ bó ṣe máa ń kí ọkọ rẹ̀ láàárọ̀.

"Ó tó," ló wí. "O ti sin bàbá rẹ."

Nígbà náà ni ọmọ náà jókòó sílẹ̀ẹ́lẹ̀ ní Tòróńtò, ó ń sunkún bí ọmọ kékeré. Jemimah fi etí ìró rẹ̀ nu ojú fóònù, ó tún un nù, ṣùgbọ́n ọwọ́ rẹ̀ kò dé ibi tí omijé náà wà.