Fìlà Bàbá Mi Nínú Yàrá Òtútù

Bó bá wá jẹ́ pé fìlà ni ńkọ́?

Etí mi ń ta mí. Mo wọ kóòtù méjì léra wọn, mo wọ ìbọ̀wọ́ méjì, mo fi ìbòmú bo imú, ṣùgbọ́n ọ̀rá fẹ́lẹ́ tí a fi ń bo irun nìkan ló wà lórí mi, kò sì gba òtútù kankan dúró. Fìlà wà níta, nínú dúrọ́ọ̀ mi, nínú àpò ọ̀rá tí mo so lẹ́nu pa bí ẹni tó so ejò mọ́ inú àpò. Fìlà òwú lásán. Fìlà tó ti gbó, tí etí rẹ̀ ti ń tú... òun ló wá fẹ́ pinnu ohun tí màá sọ lọ́la níwájú gbogbo ìlú.

Kí n rọra. Kí n rò ó jẹ́jẹ́. Ọ̀bẹ wà lọ́wọ́ mi.

Lánàá, mo gé ègé kan lára ọ̀pá yìnyín yìí, èyí tí wọ́n fi ẹ̀rọ lu jáde lórí òkè, mo gbé e sórí àwo gbígbóná. Bó ṣe ń yọ́ ni ẹ̀rọ ń fa omi rẹ̀ mu, tó ń ka ohun tó bá nínú omi náà, ìlà kan sì ń rìn lójú kọ̀ǹpútà lẹ́yìn gíláàsì. Ìlà náà ń lọ pẹlẹbẹ, pẹlẹbẹ, àfi bó ṣe gbéra sọ. Ó ga débi pé mo rò pé orí ẹ̀rọ ti dàrú. Dúdú èéfín ni. Ohun tó ń lẹ̀ mọ́ ìdí ìkòkò, tó ń lẹ̀ mọ́ àjà ilé ìdáná, òun ló kún inú yìnyín funfun láti orí òkè tí ẹnikẹ́ni kì í gbé. Ọdún kọ̀ọ̀kan ló ní ìpele tirẹ̀ nínú yìnyín, dúdú yìí sì wà ní àwọn ọdún tí mo mọ̀ pàápàá. Ní àwọn ọdún tí mo ṣì ń fi ọwọ́ bàbá mi rìn.

Ọ̀gá mi wá, ó wo kọ̀ǹpútà. Lẹ́yìn náà ló wá wo orí mi.

"Fìlà wo lo dé wọ ibí?"

"Ti bàbá mi ni, mà."

"Iṣẹ́ wo ni bàbá ẹ ń ṣe?"

Mo sọ fún un. Ó mí kanlẹ̀. "Tún òmíràn gé. Inú lọ́hùn-ún ni kó o ti gé e. Jọ̀ọ́, má dé fìlà." Kò bú mi. Ì bá sàn kó bú mi, ọ̀rọ̀ ì bá ti tán síbẹ̀.

Iṣẹ́ bàbá mi ni kí iná má kú. Ilé-iṣẹ́ mànàmáná tó wà létí odò, èédú ni wọ́n ń kó sí ìléru níbẹ̀, bàbá mi ló sì ń fi ṣọ́bìrì kó o sí i, kó tó di pé wọ́n sọ ọ́ di ọ̀gá àwọn tó ń kó o. Má-jẹ́-ó-kú ni wọ́n ń pè é. Òun náà fẹ́ràn orúkọ yẹn ju èyí tí wọ́n sọ ọ́ lọ. Fìlà yìí ló ń dé lọ sẹ́nu iṣẹ́ láàárọ̀ kùtù. Ìyá mi fọ̀ ọ́ títí, ọwọ́ rẹ̀ fẹ́rẹ̀ẹ́ bó, ó ní òun ti fọ gbogbo dúdú rẹ̀ tán. Ọjọ́ tí mo sọ fún bàbá mi pé inú òtútù ni iṣẹ́ tuntun mi, ó bọ́ ọ lórí ara rẹ̀, ó fi dé mi. "Gbà. Orí ẹ ò ní tutù." Mo rò pé ó mọ́. Ọmọ Má-jẹ́-ó-kú nìkan ló lè gbé fìlà ìdí ìléru wọ yàrá tí wọ́n ti ń wá èéfín. Èmi náà ì bá ti fi rẹ́rìn-ín, bí kò bá ṣe ti ọ̀la.

Ọ̀la. Gbọ̀ngán ìlú máa kún. Ṣé kí wọ́n ti ìléru náà pa ni, àbí kí wọ́n jẹ́ kó máa jó lọ? Èmi ni wọ́n ní kó wá sọ ohun tí yìnyín rí. Lálẹ́ àná, bàbá mi pè mí lórí fóònù.

"Mo gbọ́ pé ìwọ lo máa sọ̀rọ̀. Iwájú pátápátá ni mo máa jókòó o."

"Ẹ ṣeun, Bàámi."

Mo ń gbọ́ bó ṣe ń mí. "Ṣé wàá sọ fún wọn pé ohun ibi ni mo fi tọ́ ẹ?"

Mo ní mi ò gbọ́ ohun tí ó sọ dáadáa, nẹ́tíwọọ̀kì ò dáa. Nẹ́tíwọọ̀kì dáa.

Ó wá di adìẹ bà lókùn, ara ò rọ okùn, ara ò rọ adìẹ. Bó bá jẹ́ fìlà ni, bàbá mi bọ́, èmi ni mo ba iṣẹ́ jẹ́. Kò sì sí ibi tí mo ti fẹ́ rí òmíràn, nítorí àwọn tó padà lọ sórí òkè náà bá a pé ìpele òkè pátápátá lára yìnyín ti yọ́ lọ. Àwọn ọdún tí mò ń wá gan-an ti di omi, wọ́n ti ṣàn gba odò kọjá, bóyá ẹnì kan ti fi fọ abọ́. Èyí tó wà níwájú mi yìí ló ṣẹ́kù. Bó bá sì jẹ́ pé inú yìnyín ni dúdú yẹn ti wá... ká sọ tòótọ́, mo fẹ́ kó jẹ́ fìlà. Mo fẹ́ kó jẹ́ fìlà, kí wọ́n bínú sí mi, kí n lọ jókòó ti bàbá mi lọ́la kí n má sọ nǹkan kan.

Àmọ́ wò ó. Mo gbé e sókè síbi iná, mo sì tún gbàgbé ìjà tí mò ń bá ara mi jà. Ó ti pẹ́ tí mo ti ń ṣe iṣẹ́ yìí, síbẹ̀ ara mi ṣì máa ń dákẹ́ bí mo bá gbé e sókè báyìí. Yìnyín bọ́ lé yìnyín. Ti ọdún kan tẹ ti èṣí mọ́lẹ̀, ti èṣí tẹ ti ìdúnta, títí dé ìsàlẹ̀ tó ti bọ́ kí ẹnikẹ́ni tó fi orúkọ pe òkè náà. Hóró afẹ́fẹ́ wẹ́wẹ́ wà nínú rẹ̀, kò tó orí abẹ́rẹ́. Ẹnì kan mí èémí yìí síta rí. Ẹran igbó kan, ìyá kan tó ń rọbí... yìnyín gbà á, ó pa ẹnu dé mọ́ ọn, kò sọ fún ẹnikẹ́ni. Níbì kan nísàlẹ̀, ìlà eérú tín-ín-rín kan wà, ti òkè kan tó tú iná jáde ní ilẹ̀ òkèèrè. Òkè yẹn ò mọ òkè yìí rí. Afẹ́fẹ́ ló gbé ọ̀rọ̀ rẹ̀ wá, yìnyín sì pa á mọ́. Ta ni mo jẹ́ tí mò ń fi ọ̀bẹ kan ilẹ̀kùn ilé àgbà báyìí?

Wọ́n ń jiyàn lórí rédíò láàárọ̀. Ọkùnrin kan ní, "Ojú ọjọ́ ti ń yí padà látìgbà ìwáṣẹ̀, kí ló wá jẹ́ tuntun níbẹ̀?" Òótọ́ ló sọ. Yìnyín náà sọ bẹ́ẹ̀. Ayé ti gbóná rí, ó ti tutù rí, ó tún gbóná — ṣùgbọ́n bí àgbàlagbà ṣe ń dìde lórí àga ló ń ṣe é, kì í ṣe bí ẹni tí iná jó nídìí. Afẹ́fẹ́ káábọ́nì tó ń ti inú èédú jáde, aṣọ ìbora ayé ni. Bó bá mọ níwọ̀n, oorun á dùn. Bá a bá ń kó o lé ara wọn, òógùn á bo ẹni tó sùn. Ẹlòmíràn ní, "Àwọn onímọ̀ yìí, yìnyín ló ń san owó oṣù wọn." Mo rẹ́rìn-ín nídìí tíì mi. Yìnyín ló ń san owó oṣù mi lóòótọ́. Èédú ló san owó ilé-ìwé tó gbé mi dé ìdí yìnyín. Ta ni màá wá bínú sí?

Ọ̀bẹ. Mo fi ọ̀bẹ bó awọ ara rẹ̀ dànù. Mo tún bó o. Ohun tí ọwọ́ ti kàn, a kì í kà á. Bó ṣe wà nínú, tí ẹnikẹ́ni ò fọwọ́ kàn án, òun là ń kà. Ó kéré báyìí, ó mọ́ lóló. Mo gbé e sórí àwo.

Ó ń yọ́.

Nígbà tí mo wà lọ́mọdé, mo bi bàbá mi. A jókòó ti oúnjẹ, èéfín ìléru ń gba ojú fèrèsé kọjá. "Bàámi, ibo ni èéfín yẹn ń lọ?" "Ó ń lọ ni." "Ibo?" "Ibi tí èéfín ń lọ. Jẹun ẹ." Kò purọ́ fún mi. Ohun tó mọ̀ ló sọ, gbogbo ìlú ló sì mọ̀ bẹ́ẹ̀, pé ohun tó bá ti kọjá orí òrùlé ti lọ nìyẹn. Ìyá mi nìkan ni kò gbà. Bí atẹ́gùn bá ti gbé èéfín yí sọ́dọ̀ wa, ariwo rẹ̀ la máa gbọ́ lẹ́yìnkùlé: "Ẹ kó aṣọ wọlé, orogún mi ti ń bọ̀!" Bàbá mi á máa rẹ́rìn-ín. Aṣọ ilé-ìwé mi ò fi bẹ́ẹ̀ funfun rí.

Tà.

Ó ti bẹ̀rẹ̀. Tà... tà-tà... Afẹ́fẹ́ ló ń bọ́ jáde nínú yìnyín. Mo tẹ orí mi síbẹ̀, mo sì fà á símú gba inú ìbòmú. Mi ò gbọ́ òórùn kankan. Afẹ́fẹ́ tó ti wà nínú túbú kí wọ́n tó bí bàbá bàbá mi, ó jáde, ó wọ inú mi, ó sì lọ.

Mi ò fẹ́ wo kọ̀ǹpútà.

Mo wò ó. Pẹlẹbẹ. Pẹlẹbẹ ni ọdún àwọn tó ti lọ. Ẹní gbin nǹkan gbìn ín, ẹní dáná dáná, èéfín wọn kò débẹ̀. Máa lọ bẹ́ẹ̀, jọ̀ọ́. Máa lọ... Ó ń gbéra. Ó gbéra díẹ̀, ó tún gbéra, kò sì sí fìlà níbí, kò sí ọwọ́, kò sí òwú, inú lọ́hùn-ún ni mo ti gé e. Ó fi díẹ̀ rẹlẹ̀ sí ti àná. Díẹ̀ yẹn ni ti fìlà. Gbogbo ìyókù, ti yìnyín ni.

Èéfín wa dé ibẹ̀.

Mo rò pé màá sunkún. Ṣùgbọ́n ẹnu ló yà mí, ó yà mí títí mi ò lè pa á dé. Ṣọ́bìrì lọ́wọ́ ọkùnrin kan létí odò, àti ti àwọn bíi tirẹ̀ nídìí gbogbo ìléru tó wà ní pẹ̀tẹ́lẹ̀, torí èéfín ò ní orúkọ lára... ohun tí wọ́n ṣe rìn kọjá òrùlé, ó kọjá oko, ó gun òkè tí ẹsẹ̀ wọn ò lè gùn, ó sì jókòó. Kò sí èyí tó lọ. Ìyá mi a máa ní ìwà lèéfín, kò ṣeé bò mọ́lẹ̀. Mo rò pé òwe ló ń pa.

Dúró ná. Kí nìyẹn?

Ìlà yẹn... ó já wálẹ̀. Láàárín gbogbo gíga yẹn, ó já wálẹ̀ bí ibi tí eyín ti yọ. Lẹ́yìn náà ló tún gòkè. Kò sí níbẹ̀ lánàá. Rárá, ó wà níbẹ̀ lánàá, dúdú fìlà ló bọ́ síbẹ̀ gan-an, ló dí i. Ọdún wo nìyẹn? Mo ń kà á láti òkè wá, mo tún un kà... Áà. Ọdún tí èédú wọ́n.

Ọdún tí ọkọ̀ èédú ò dé, tí gbogbo ìléru kú káàkiri pẹ̀tẹ́lẹ̀. Àbẹ́là la fi ń ríran. Àwọn ẹlẹ́gbẹ́ bàbá mi ń fi í ṣe yẹ̀yẹ́, "Má-jẹ́-ó-kú, ó mà ti kú o," òun náà ń rẹ́rìn-ín, ṣùgbọ́n ọwọ́ rẹ̀ ò mọ ohun tí ó máa ṣe lórí orúnkún. Ìyá mi ń sá aṣọ láìbojúwẹ̀yìn. Ó ní orogún òun ti kó jáde. Mo rántí gbogbo ìyẹn dáadáa. Kí ló dé tí mo fi gbàgbé àárọ̀ kan yẹn?

Àárọ̀ kan. Bàbá mi wà lẹ́yìnkùlé, ó dúró gbagidi. Ó pè mí, ó gbé mi lé èjìká. "Wò ó." Lẹ́yìn odò, lẹ́yìn oko, lẹ́yìn gbogbo ohun tí mo mọ̀ láyé, òkè kan wà, funfun báláú, ó ga débi pé mo rò pé ìkùukùu ni. Èmi tí mo ti ń sọ fún gbogbo èèyàn pé a kì í rí òkè tí yìnyín yìí ti wá láti ilé wa... A rí i. A rí i lọ́dún yẹn. Mo ń gbọ́ ohùn bàbá mi nísàlẹ̀ mi, kì í ṣe èmi ló ń bá sọ̀rọ̀.

"Ó ti wà níbẹ̀ látọjọ́ yìí?"

Ìlà ti tún gòkè padà lójú kọ̀ǹpútà. Èédú ti dé, iná ti jó, òkè ti wọ inú èéfín lọ. Yìnyín ò fi èyí tí wọ́n sun pamọ́, kò sì fi èyí tí wọ́n dáwọ́ dúró pamọ́. Mi ò mọ̀ bóyá etí mi ṣì wà níbẹ̀. Lọ́la, ẹnì kan máa dìde, ó máa ní, "Bá a bá tiẹ̀ pa iná yìí, ta ló máa mọ̀ lókè lọ́hùn-ún?" Màá wo ẹni tó jókòó síwájú pátápátá kí n tó fèsì, torí ó ti mọ̀ ọ́n ṣáájú mi. Àárọ̀ ọjọ́ yẹn, pẹ̀lú mi lórí èjìká, ó na ọwọ́ kan tó ṣófo sókè, ó sì ṣí fìlà fún òkè náà.